Ẹ̀tù Kì í Bá Iná Gbé: Ìtàn Ìtọ́jú Ohun Ìbọn ní Àjàṣẹ́

Bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé ní Àjàṣẹ́, ohùn ìbọn wà lára ohun tí etí ń retí. Ìlù a sọ tirẹ̀, agogo a sọ tirẹ̀, àwọn ọdẹ náà a sì yìn ìbọn sókè kí tọmọdé tàgbà lè mọ̀ pé ọdún ti dé. Bí àgbà ọdẹ kan bá papò dà, ìbọn náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sìn ín lọ sílé. Ohùn yẹn kì í pẹ́. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ pẹ́ gan-an. Ẹnì kan ti tọ́jú ẹ̀tù kó má bàa tutù, ó ti ka ọta, ó ti fi olúkúlùkù ohun èlò sí ààyè rẹ̀, ó sì ti rí i pé iná kò dé ibẹ̀.

Ìtàn àwọn tó yìn ìbọn lójú ogun pọ̀ nínú ìwé. Ìtàn àwọn tó tọ́jú ẹ̀tù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí ilé àti ẹ̀mí ìlú wà. Ó tọ́ kí ìwé ọdún yìí sọ díẹ̀ nínú ìtàn náà, nítorí pé Àjàṣẹ́ wà láàárín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àti nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì gbó.

OHUN TÍ ÌBỌN Ń JẸ

Ìbọn ìbílẹ̀ tí Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà kì í lo ọta tí wọ́n ti dì pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń jẹ ń gbà wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní títẹ̀léra. Ẹ̀tù ni àkọ́kọ́. Wọn a fi àkísà tàbí ìhá ẹyìn dí i, wọn a sì fi ọ̀pá gún un kó le. Ọta ló kàn: òjé tí wọ́n yọ́, tàbí irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé. Wọn a tún fi nǹkan dí ọta náà kó má bàa yọ́ jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn ni àwo kékeré kan wà tí wọ́n ń bu ẹ̀tù díẹ̀ sí. Òkúta tó wà lẹ́nu apátí ni yóò lu irin, tí iná yóò fi ta sínú àwo náà. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ọ̀rọ̀ àkíyèsí ni: ohun tó lè pani, a kì í fi í ṣeré, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò lágbára mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ki ìbọn nínú òkùnkùn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà láìtan iná wò ó. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń ya ẹrù rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀tù wà nínú àdó tí ìdérí rẹ̀ le, ọta wà nínú àpò awọ, òkúta àti àkísà wà níbòmíràn. Bí wọ́n bá dà pọ̀, ọwọ́ yóò ṣì wọ́n mú. Ẹni tó bá da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú ìbọn kan, ó lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀tù dúdú fúnra rẹ̀ jẹ́ àpòpọ̀ ohun mẹ́ta. Nínú ìpín 100, nǹkan bí 75 jẹ́ irú iyọ̀ kan tí Faransé ń pè ní salpêtre, 15 jẹ́ èédú, 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Bí ọ̀rinrin bá mú un, yóò dì, kò sì ní jó dáadáa mọ́. Bí iná kékeré bá kàn án nígbà tó gbẹ, kò sí ẹni tó lè pa á. Ọ̀tá méjì ni ẹ̀tù ní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí wọ́n ti ń wá. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọ̀rinrin yóò fẹ́ gbé e sún mọ́ ààrò. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù iná yóò fẹ́ gbé e lọ sí igun tó tutù. Ọgbọ́n ìtọ́jú ẹ̀tù ni wíwá ààyè láàárín méjèèjì: ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tó jìnnà sí ààrò, àtùpà àti ọwọ́ ọmọdé. Ní ìlú tó wà létí ọ̀sà bí Àjàṣẹ́, tí ọ̀rinrin kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára ògiri nígbà òjò, ọgbọ́n yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tún fi kún un. Òun ló ń tún apátí ṣe, òun ló ń gé irin tí wọ́n fi ń ṣe ọta. Ṣùgbọ́n nínú ilé arọ ni ewìrì ti ń fẹ́ná, tí irin ń lu irin lórí owú, tí ẹ̀ṣẹ́ná sì ń ta káàkiri. Ìbọn lè wọ ilé arọ. Ẹ̀tù kò gbọ́dọ̀ bá a wọ ibẹ̀.

ÀJÀṢẸ́ LÓJÚ Ọ̀NÀ Ẹ̀TÙ

Ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Pọtogí sì sọ ní Porto-Novo, wà létí ọ̀sà tó ń ṣàn lọ sí Èkó. Ọ̀nà omi yìí ni òwò gbà wọlé. Nígbà tí òwò ẹrú ń lọ, ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ra ènìyàn. Nígbà tí òwò epo pupa àti èkùrọ́ gba ipò rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìbọn àti ẹ̀tù kò kúrò lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ìbọn tó wá sí etíkun yìí jẹ́ èyí tí wọ́n rọ ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Liège nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Inú àgbá onígi kéékèèké ni ẹ̀tù ń wà. Ní àwọn ilé ẹ̀tù ní Yúróòpù, igi tàbí bàbà ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe ohun èlò, nítorí pé irin lè ta iná bó bá kan òkúta.

Ìlú náà mọ ohun tí ẹ̀tù lè ṣe. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Àjàṣẹ́ nígbà ọba Sodji. Ní 1863, Sodji bá Faransé ṣe àdéhùn ààbò. Ọba Toffa gorí ìtẹ́ ní 1874, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1908. Lójú ayé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tù di ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

ẸRÙ TÓ DÁ OGUN SÍLẸ̀

Ní 1877, Ààrẹ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìbàdàn, rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ láti ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ìbàdàn jìnnà sí òkun, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀nà tó lọ sí etíkun sì wà. Ìlú tó bá ní jagunjagun púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀tù, bí ẹni tó ní ọkọ̀ láìní àjẹ̀ ni. Inú bí àwọn Ẹ̀gbá sí ìrìn àjò náà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti Ìbàdàn lọ́dún yẹn. Ní 1878, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà náà dìde sí Ìbàdàn. Ogun tí àwọn ènìyàn sọ ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá lójú ogun.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹrù kan láti Àjàṣẹ́ nìkan ló fa ogun ọdún 16. Ìwà agbára Ìbàdàn lórí àwọn ìlú mìíràn ti ń gbóná tipẹ́. Síbẹ̀, ìtàn náà fi hàn pé ibi tí ẹ̀tù wà, ẹni tó ni ín, àti ọ̀nà tó ń gbà kọjá, ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Nínú ogun kan náà ni nǹkan tuntun ti yọjú. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Ìbọn wọ̀nyí ń jẹ ọta tí ẹ̀tù, òjé àti ohun tó ń ta iná ti wà nínú ìkarahun kan ṣoṣo. Èyí ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní kàtúùṣì. Ó yára ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro mìíràn wá: ìbọn kọ̀ọ̀kan ní kàtúùṣì tirẹ̀, èyí tó bá ti ìbọn kan mu kò ní bá òmíràn mu. Láti ìgbà náà lọ, kò tó kí ènìyàn ní ọta. Ó gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó ní, kó sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

ÒFIN ỌDÚN 1890

Ọdún 1890 jẹ́ ọdún ńlá fún Àjàṣẹ́. Ní oṣù March, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Kútọnu. Ní 20 April, wọ́n bá àwọn Faransé àti àwọn jagunjagun Toffa jà ní Atchoupa, ní àríwá Àjàṣẹ́. Ìlú bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún kan náà, ní 2 July, àwọn orílẹ̀-èdè 17, tí Faransé wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Òwò ẹrú ni ìwé náà fẹ́ pa run, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ gígùn lórí ìbọn àti ẹ̀tù ní Áfíríkà. Ó ní kí ìbọn tó bá wọ ilẹ̀ tí òfin náà kàn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ìjọba, kí ẹni tó kó o wá san owó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mú un jáde láìgba àṣẹ. Ẹ̀tù lásán tí wọ́n ń tà fún ará ìlú pàápàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ilé ìkẹ́rùsí kọjá. Ìbọn olókùúta, irú èyí tí ọdẹ mọ̀, ni òfin náà fi ààyè sílẹ̀ fún jù. Ìbọn ìgbàlódé ni ó ká lọ́wọ́ kò.

Ète àwọn òyìnbó tó kọ òfin náà kò mọ́ pátápátá. Wọn kò fẹ́ kí ìbọn tó dára wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ jọba lé lórí. Síbẹ̀ ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ọdẹ gidi kò ní bá jà: kí ẹ̀tù ní ilé tirẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde.

ẸGBẸẸGBẸ̀RÚN ỌTA, ORÍṢIRÍṢI ÌBỌN

Àdéhùn Brussels kò dá ìbọn dúró. Láàárín 1890 sí 1892, Béhanzin, ọba Dàhòmì, ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Ouidah. Oríṣiríṣi ni wọ́n: Winchester ti Amẹ́ríkà, Chassepot ti Faransé, àti àwọn mìíràn. Ní 1892, Alfred Dodds kó àwọn ọmọ ogun Faransé gòkè láti Àjàṣẹ́ gba etí odò Ouémé. Wọ́n jà ní Dogba ní 19 September, wọ́n sì wọ Abomey ní November. Béhanzin fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní January 1894.

Ìbọn Lebel tí àwọn ọmọ ogun Faransé gbé ń lo ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín, èyí tí Paul Vieille ṣe ní 1884. Ẹ̀tù yìí lágbára ju dúdú lọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì títí dòní: bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀tù ìgbàlódé sínú ṣakabùlà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń fi dúdú sí i, ìbọn náà lè bẹ́. Ojú kì í tètè dá ẹ̀tù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn nínú agolo tí a kò kọ nǹkan sí lára. Nítorí náà, ẹ̀tù gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó bá wá láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára.

TÁBÌLÌ ẸNI TÓ Ń DI ỌTA

Kàtúùṣì wọ́n lówó. Bí ọdẹ bá ti yìn ín, ìkarahun rẹ̀ ṣì kù. Lákòókò ọdún 1870 sí 1880, àwọn ọdẹ ẹfọ̀n ní pápá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í sọ ìkarahun nù. Wọ́n ń ru ẹ̀tù, òjé àti ìdérí bàbà kékeré tó ń ta iná káàkiri, wọ́n sì ń tún ìkarahun náà dì lálẹ́ nínú àgọ́. Ohun kan náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ṣe sí kàtúùṣì ìbọn ẹran.

Láti inú iṣẹ́ yìí, gbogbo ayé ti kọ́ ìlànà tábìlì. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò padà sínú agolo rẹ̀ kí òmíràn tó jáde. Ohun tó ń ta iná ní pẹpẹ tirẹ̀, tó jìnnà sí ẹ̀tù, nítorí pé lílù díẹ̀ lè mú un bẹ́. Ìkarahun tí wọ́n ti dì kò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú èyí tó ṣófo. Wọn a kọ ọjọ́ àti irú ẹ̀tù sára àpótí kọ̀ọ̀kan. Kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là, kò sí ọmọdé nítòsí. Bí ẹ̀tù bá dà sílẹ̀, wọn a gbá a kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá fi èyí wé àpò ọdẹ yóò rí i pé ìlànà kan náà ni. Àdó, àpò ọta àti àpò òkúta ti di agolo, àpótí àti pẹpẹ. Ìyàtọ̀ kò ju pé ti òde òní wà lákọsílẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍTÒSÍ

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí, kó wo àwọn ìlú tí kò jìnnà. Ní 27 January 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà àwọn ọmọ ogun ní Ikẹjà, ní Èkó, gbiná. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú, púpọ̀ nínú wọn rì sínú omi nígbà tí wọ́n ń sá. Ní 16 January 2024, ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, bú. Ó pa ènìyàn, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Àwọn aládùúgbò kò mọ ohun tó wà nínú ilé náà.

Èyí tó sún mọ́ Àjàṣẹ́ jù ni ti Sèmè-Kraké, ní 23 September 2023, nígbà tí ibi tí wọ́n ń kó epo bẹntiróò fàyàwọ́ sí gbiná. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú. Epo kì í ṣe ẹ̀tù, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà jọra: ohun tó ń jó wà níbi tí ènìyàn pọ̀ sí, láìsí ilé tirẹ̀, láìsí ẹni tó mọ iye rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ìgò epo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní àdúgbò púpọ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀tù ọdún kọjá ẹ̀gbẹ́ irú ibẹ̀, ọ̀tá méjì ti pàdé.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÌLÚ ṢE

Ní 14 June 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Abuja lórí ìbọn kéékèèké àti ọta wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ó ní kí ìjọba mọ àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ìtọ́jú ohun ìjà sì ní ìlànà. Àwọn kan ń rò pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wá láti pa àṣà ọdẹ. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọdẹ tí kò mọ iye ẹ̀tù tó wà nínú àdó rẹ̀ kò tíì di ọdẹ.

Fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọdún, ohun tí ìtàn yìí béèrè kò pọ̀. Kí Olúọ́dẹ yan ẹnì kan tí yóò tọ́jú ẹ̀tù ọdún, kó jẹ́ ẹni tí kì í mutí lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n bu ìwọ̀n tí ìbọn kọ̀ọ̀kan nílò fún oníbọn, kí wọ́n má gbé gbogbo ẹ̀tù wá sí pápá. Kí ibi tí wọ́n ti ń ki ìbọn jìnnà sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń dáná àti ibi tí ọ̀kadà àti ẹ̀rọ iná wà. Kí ìbọn tí wọ́n fi ń kí ọdún má ní ọta nínú rárá. Bí ọdún bá parí, kí wọ́n ka ohun tó kù, kí wọ́n sì dá a padà sí ibi tó ti wá.

Fún mẹ́rì, àwọn olórí àdúgbò àti àwọn panápaná, iṣẹ́ tiwọn ni láti mọ ibi tí ẹ̀tù wà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Panápaná tó bá wọ ilé tó ń jó láìmọ̀ pé ẹ̀tù wà nínú yàrá kejì, ewu ńlá ló wọ̀. Ẹni tó bá fi òótọ́ sọ ohun tó ní kò yẹ kó máa sá fún aláṣẹ. Bí wọ́n bá fi ìjìyà nìkan dá a lóhùn, àwọn tó kù yóò gbé tiwọn lọ sábẹ́ ibùsùn, níbi tí ọmọ ti ń sùn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àjàṣẹ́ ti gbọ́ ìró ẹ̀tù láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti tà á, ó ti rà á, ó ti bá a jagun. Ọgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú àpò àwọn baba ọdẹ: ẹ̀tù níbì kan, ọta níbì kan, iná níbi tó jìnnà sí méjèèjì. Kí àwọn tó ń gba àpò náà lónìí gba ọgbọ́n inú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ìbọn ọdún lè máa dún fún ayọ̀, kí olúkúlùkù sì padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà.